IMÚ TÍ KÌ Í SINMI: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Aboyún àti Abiyamọ lórí Ọ̀fìnkìn Èèwọ̀ Ara

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ìlera bá àwọn ìyá sọ ní ọjọ́ ìtọ́jú aboyún)

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìwúwo yín, kí a sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín kà sí ohun kékeré. Ohun náà ni imú tí kì í sinmi: imú tí ń sín láàárọ̀, tí ń jò lọ́sàn-án, tí ó sì ń dí lóru.

Kì í ṣe pé àìsàn yìí fúnra rẹ̀ ń pa ènìyàn. Ohun tí a ń ṣe sí i nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n ni ó ń fa ìpalára. Aboyún kan ń fa aṣáà kí imú rẹ̀ lè là. Òmíràn ń ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn. Abiyamọ kan ń kán òróró sí ihò imú ọmọ tuntun. Ẹlòmíràn tí ó ní ikọ́ fée pa oògùn rẹ̀ tì nítorí pé ó lóyún. Ìrọ̀rùn ni gbogbo wọn ń wá, ṣùgbọ́n ewu ni ó wà ní ọ̀nà tí wọ́n gbà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń bá jà kí a tó gbé ohun ìjà.

KÍ NI Ọ̀FÌNKÌN ÈÈWỌ̀ ARA?

Oríṣi ọ̀fìnkìn méjì ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Èkíní ni èyí tí kòkòrò àrùn ń fà, kòkòrò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Èyí máa ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ó lè mú kí ara gbóná, kí orí fọ́, kí ọ̀fun sì máa dunni. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ọ̀pọ̀ rẹ̀ a ti lọ.

Èkejì kò ní kòkòrò àrùn nínú, kì í sì í ràn. Èyí ni mo pè ní ọ̀fìnkìn èèwọ̀ ara. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jẹ ní ilé kan, wọn kì í fọwọ́ kàn án ní ilé kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ènìyàn rí. Ohun kan wà tí ara ẹnì kan gbà, tí ara ẹlòmíràn kọ̀.

Ọlọ́run fi ẹ̀ṣọ́ sínú ara wa láti máa lé kòkòrò àrùn jáde. Ṣùgbọ́n ní ara àwọn ènìyàn kan, ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń ṣi àlejò pè ní olè. Eruku lásán ni ó wọlé, ẹ̀ṣọ́ á fi igbe ta bí ẹni pé ọlọ́ṣà ni ó dé. Nígbà náà ni ara yóò tú oje kan tí a ń pè ní hístámínì sílẹ̀. Oje yìí ni ó ń mú kí inú imú wú, kí ó máa yún, kí omi sì máa dà níbẹ̀.

Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé. Bí ìyá tàbí bàbá bá ní in, tàbí bí ikọ́ fée bá wà nínú ẹbí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ní in. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹni náà wẹ omi tútù.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń wá ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1819, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Bostock, ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ojú òun ti máa ń yún, tí imú òun sì máa ń jò ní gbogbo ìgbà ooru ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1873, dókítà mìíràn ní ìlú Manchester, Charles Blackley, tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀. Òun náà ní àìsàn yìí. Ó fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko sí imú ara rẹ̀ láti dán an wò, ó sì rí i pé òun gan-an ni ó ń fà á. Nígbà tí ó yá, láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn olùwádìí ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Holland fi hàn pé kòkòrò tíntìntín kan tí ń gbé inú eruku ilé wà lára àwọn tí ń fà á jù lọ.

BÍ A TI Í DÁ A MỌ̀

Ẹ fi àwọn àmì wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Sísín léraléra. Ẹni náà lè sín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láìdúró, pàápàá ní àárọ̀ kùtùkùtù.
2. Imú ń jò, omi tí ń jáde sì mọ́ gaara bí omi òjò. Kò nípọn, kò ní àwọ̀ ewé.
3. Imú ń yún, ojú ń yún, àjà ẹnu àti ọ̀fun náà ń yún. Ọ̀fìnkìn tí kòkòrò ń fà kì í sábà yúnni tó bẹ́ẹ̀.
4. Imú máa ń dí, nígbà mìíràn ihò ọ̀tún, nígbà mìíràn ihò òsì. Ẹni náà ń fi ẹnu mí lóru, ó sì ń jí pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ.
5. Ara kì í gbóná.
6. Ó ní àkókò tàbí ibi tí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jáde kúrò níbẹ̀, ara á tù ú. Bí ó bá padà síbẹ̀, ó tún dé.

Àmì kẹfà yìí ni kí ẹ dìmú jù. Ìyá kan wá sí ilé ìtọ́jú, oyún rẹ̀ jẹ́ oṣù márùn-ún. Ó ní ọ̀fìnkìn ti ń bá òun jà fún oṣù méjì. Ó ti ra kápúsù tó ní àwọ̀ méjì lọ́jà, ó lò ó tán, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí a bi í léèrè bí ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ, ó ní ìsọ̀ èlùbọ́ ni òun ń jókòó sí. Láàárọ̀ ni òun ń jọ èlùbọ́, láàárọ̀ náà ni òun sì ń sín. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí kì í lọ sọ́jà, imú rẹ̀ a sinmi pẹ̀lú rẹ̀. A ní kí ó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ máa jọ èlùbọ́ fún un, kí òun máa fi aṣọ bo imú bí ó bá ń tà. Kò pẹ́ tí ara fi tù ú. Ohun tí ó bà wá lọ́kàn jẹ́ ni kápúsù yẹn, nítorí tetracycline ni. Oògùn yìí kì í wo ọ̀fìnkìn èèwọ̀ ara rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó lè ba àwọ̀ eyín ọmọ inú jẹ́, kí ó sì dí egungun rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìdàgbà.

IMÚ ABOYÚN

Kì í ṣe gbogbo imú tí ó dí nínú oyún ni èèwọ̀ ara. Oyún fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i nínú ara, àwọn oje tí ó sì ń gbé oyún ró lè mú kí inú imú wú. Imú á kàn dí fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí yíyún, láìsí ara gbígbóná. Irú èyí máa ń lọ fúnra rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ. Kí ẹni tí ó bá ní in má ṣe bẹ̀rù.

Ẹni tí ó ti ní ọ̀fìnkìn èèwọ̀ ara kí ó tó lóyún lè rí i pé ó le sí i. Àwọn mìíràn a rí i pé ó dín kù, ti àwọn mìíràn kò sì yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá wá gba káàdì. Imú tí ó dí kì í jẹ́ kí aboyún sùn dáadáa, àìsùn sì ń mú kí ó rẹ̀ ẹ́.

ÀWỌN OHUN TÍ Ń FÀ Á NÍLÉ WA

Eruku ilé ni olórí wọn. Kòkòrò inú eruku tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń gbé inú bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí, àga onítìmùtìmù àti kápẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ràn ibi tí ó rin. Kì í bù wá jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ tí a ń fà símú pẹ̀lú eruku ni ara ń kọ̀.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ìdọ̀tí aáyán àti eku, irun ajá, ológbò àti ewúrẹ́, àti ìyẹ́ adìyẹ tí a ń sìn nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dúdú tí ń hù lára ògiri tí omi ń jò sí ní ìgbà òjò, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko àti ti igi náà wà níbẹ̀.

Àwọn ohun kan tún wà tí ó ń ta imú jí, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ ara. Èéfín igi ìdáná, èéfín sítóòfù, èéfín sìgá, èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn, lọ́fínńdà líle, àti eruku ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aginjù Sàhárà, gbogbo wọn ń mú kí ó burú sí i.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Oògùn àkọ́kọ́ ni kí a yàgò fún ohun tí ara kọ̀. Kò gba owó púpọ̀:

1. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ fi àkísà tútù nu orí tábìlì àti fèrèsé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbọn ọ́n. Bí ẹlòmíràn bá wà nílé tí ó lè gbálẹ̀, kí ó bá aboyún gbá a.
2. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
3. Ẹ máa sá fóòmù, ìrọ̀rí àti ẹní sóòrùn dáadáa. Ọ̀rinrin ni kòkòrò yìí fẹ́, gbígbẹ ni ọ̀tá rẹ̀.
4. Ẹ ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ tún ibi tí òrùlé ti ń jò ṣe.
5. Ẹ kó adìyẹ àti ewúrẹ́ kúrò ní yàrá tí ẹ ń sùn.
6. Dípò kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí a fi oògùn sí. Yóò gba imú yín lọ́wọ́ èéfín, yóò sì gba ẹ̀yin àti oyún yín lọ́wọ́ ibà. Bí nẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ tuntun, ẹ nà á sábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó.
7. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nínú ilé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá àwọn bàbá sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù.

Omi iyọ̀ dára fún imú tí ó dí. Ẹ se ìdajì lítà omi kí ó hó dáadáa, kí ó sì tutù. Ẹ wọn iyọ̀ ṣíbí tíì kan, kí ó gún rẹ́gí, sínú rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ ti fọ̀, ẹ rọra fà á símú, kí ẹ sì fọn ọ́n jáde, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ da èyí tí ó bá kù nù, kí ẹ sì ṣe òmíràn ní ọjọ́ kejì. Kò ní ewu kankan fún oyún. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ gbé orí ga díẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ má fa aṣáà. Tábà ni aṣáà, agbára tábà sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Ẹ má ra oògùn ọ̀fìnkìn láìfi oyún yín han ẹni tí ń tà á. Àwọn oògùn oníhóró kan tí ń la imú kò yẹ aboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn kò sì yẹ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru rárá. Oògùn kíkán tí ń la imú wéré náà kò yẹ kí ó kọjá ọjọ́ 5. Bí ẹ bá lò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, imú yóò dí ju ti àtẹ̀yìnwá, ẹ ó sì di ẹrú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá bá gbọ́ pé kòkòrò wà nínú eruku, ó lè fẹ́ kó káńfọ̀ sínú bẹ́ẹ̀dì àti sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá àwọn ọmọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní G6PD. Bí òórùn káńfọ̀ bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa bàjẹ́, ibà pọ́njú yóò sì dé. Bí kò bá rí ìtọ́jú kíákíá, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó lè sọ ọ́ di adití, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Oòrùn àti omi gbígbóná tó fún aṣọ ọmọ.

IMÚ ỌMỌDÉ

Ẹ̀yin ìyá àgbà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ọmọ tuntun kò mọ bí a ti í fi ẹnu mí dáadáa, imú ni ó fi ń mí. Ihò imú rẹ̀ kéré, nítorí náà ikun díẹ̀ lè mú kí ó máa dún. Bí ó bá ń mu ọmú, tí ó ń sùn, tí ara rẹ̀ kò gbóná, ẹ má ṣe dààmú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀fìnkìn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì jẹ́ ti èèwọ̀ ara.

Ẹ má kán epo, àdí tàbí òróró èyíkéyìí sí ihò imú ọmọ. Òróró lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì fa àìsàn àyà tí ó le. Bí ẹ bá fẹ́ fi òrí pa ara ọmọ, orí awọ ara ni kí ó mọ. Ẹ má fi ìpara tí ń ta bí ata pa imú tàbí àyà ọmọ ọwọ́. Ẹ má sì fọ́n páúdà kí ó máa gbọ̀n sójú rẹ̀. Bí imú bá dí tí kò jẹ́ kí ó mu ọmú, ẹ wá gba omi iyọ̀ kíkán ní ilé ìtọ́jú. Ẹ̀kán kan tàbí méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan kí ó tó mu ọmú ti tó. Ọmú nìkan ni kí ẹ fún un títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà.

Ọmọ tí ó ti ń lọ sí ilé ìwé ni ó sábà máa ń ní ọ̀fìnkìn èèwọ̀ ara. Ẹ ó rí i tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu imú sókè nígbà gbogbo, títí ìlà kékeré yóò fi hàn lórí imú rẹ̀. Abẹ́ ojú rẹ̀ á dúdú, á máa fi ẹnu mí, á máa hanrun. Nítorí pé kò sùn tó, ó lè máa tòògbé ní kíláàsì. Ẹ má nà án pé ó ya ọ̀lẹ, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n bí ihò imú kan ṣoṣo bá ń jò, tí ó sì ń rùn, ẹ̀wà, àgbàdo tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ni ó lè wà níbẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun wá a jáde nílé, ẹ gbé ọmọ náà wá.

OÒGÙN ÀTI IKỌ́ FÉE

Bí ìmọ́tótó àti omi iyọ̀ kò bá tó, oògùn wà tí ó yẹ aboyún àti abiyamọ. Cetirizine àti loratadine wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Piriton tí ọ̀pọ̀ mọ̀, bí ó tilẹ̀ ń kun ènìyàn lóorun. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú kò yẹ kí ó máa lo èyí tí ń kunni lóorun léraléra, nítorí ó lè mú kí ọmọ náà máa sùn jù. Oògùn fífọ́n símú tún wà fún ẹni tí tirẹ̀ le. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni yóò sọ èyí tí ó yẹ kálukú.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí. Imú àti ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ikọ́ fée ni ó ní ọ̀fìnkìn èèwọ̀ ara pẹ̀lú, bí imú bá sì ń dàrú, àyà lè tẹ̀ lé e. Aboyún tí ó ní ikọ́ fée, ẹ má ṣe pa oògùn fífà tì nítorí oyún. Àwọn kan ń rò pé oògùn náà yóò pa ọmọ lára. Rárá o. Èémí tí ìyá ń mí ni ọmọ inú ń mí. Bí èémí ìyá bá gé, ti ọmọ náà gé. Ikọ́ fée tí a kò tọ́jú ni ó léwu fún ọmọ ju oògùn náà lọ.

ÌGBÀ TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ SÁRÉ WÁ

Ẹ má dúró de ọjọ́ ìtọ́jú bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí:

Bí èémí bá ń gé, tí àyà ń dún fée, tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀ já gaara.
Bí ara bá gbóná, tí ojú àti iwájú orí ń dunni, tí ikun imú sì nípọn fún ohun tí ó ju ọjọ́ 10 lọ.
Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tàbí tí orí ń fọ́ aboyún gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ sì wú.
Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọ inú, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí ó kọ ọmú.
Bí ojú tàbí ara ọmọ tuntun bá pọ́n bí ọsàn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò pọ̀. Bí imú bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yàgò fún ohun tí ara yín kọ̀. Ẹ má kán ohunkóhun tí a kò fún yín sí imú ọmọ. Ẹ má sì dá oògùn ikọ́ fée dúró. Ẹ sọ ọ́ fún aládùúgbò yín tí kò wá sí ibí lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́ sókè nísinsìnyí, kò sí ìbéèrè tí ó kéré jù.

Ọlọ́run yóò sọ ẹ̀yin aboyún kalẹ̀ ní ayọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.